ÌGBÉSÍ AYÉ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER: Ọmọ Òṣogùn tí Ìlú Àjèjì Fún ní Orúkọ

Àṣà wa ni láti máa fi ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún yìí sọ ìtàn ẹnì kan tí ó ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Ẹni tí a yàn ní ọdún yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, a sì mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà ni pé ìbéèrè kan wà tí kì í kúrò ní ẹnu wa nígbàkúùgbà tí a bá péjọ. Ta ni à ń pè ní ọmọ wa? Ṣé ẹni tí a bí sí ààrin ìlú nìkan ni, tàbí ẹni tí a bí sí ìdálẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ti ń yí padà? Àjèjì tí ó sì ti bá wa gbé láti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé nínú ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹrú tí ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni bí ìlú tí oríṣiríṣi ẹ̀yà pàdé sí ṣe sọ ọmọ Òṣogùn di ọmọ Akú, àti bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi orúkọ Yorùbá lé wa lọ́wọ́.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌLÚ RẸ̀

A bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1807 ní ìlú Òṣogùn, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, lábẹ́ ìjọba Aláàfin Ọ̀yọ́. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí tí ó ń jẹ́, nítorí pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọmọdé náà léèrè nígbà yẹn pé irú ènìyàn wo ni ó jẹ́, yóò dáhùn pé ọmọ Òṣogùn ni òun, yóò sọ orúkọ agboolé wọn, yóò sì fi kún un pé Aláàfin ni ìlú àwọn ń sìn. Kò ní sọ pé ọmọ Yorùbá ni òun gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń sọ ọ́ lónìí. Kì í ṣe pé orúkọ náà kò sí. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé ìlú Timbuktu, ti kọ orúkọ kan tí ó jọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1615, àwọn Hausa sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a sábà máa ń fi pè. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, Oǹdó ń jẹ́ Oǹdó. Wọ́n mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọba wọn ti tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun, wọ́n sì ń gbọ́ èdè ara wọn dé ìwọ̀n kan, síbẹ̀ kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń dáhùn sí.

BÍ A ṢE KÓ O LẸ́RÚ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí àwọn ìyá ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́, ogun ká Òṣogùn mọ́. Àwọn Fúlàní wà nínú ogun náà, àwọn ẹrú tí wọ́n ti sá fún olówó wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Kí a fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Èdè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ju okùn ń sọ pẹ̀lú àwọn tí a ju okùn sí lọ́rùn. Èdè náà kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, nítorí pé kò ì tíì sí ẹni tí ó rò pé ẹni tí ó bá ń sọ èdè òun jẹ́ ara òun.

A mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Wọ́n dé Ìṣẹ́yìn, níbẹ̀ ni a sì ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, a tún dá a padà, lẹ́yìn náà a tà á láti ọjà dé ọjà, títí tí a fi fi ọtí àti tábà rà á. Ìbànújẹ́ mú un dé ibi pé ó gbìyànjú lóru láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ní ìkẹyìn ó dé Èkó, níbi tí àwọn oníṣòwò Potogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n kó o wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, gbogbo wọn jẹ́ 187. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì bá ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàró.

ÌLÚ TÍ GBOGBO ẸNU PÀDÉ SÍ

Freetown tí ó jẹ́ olórí ìlú Sàró kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan. Lórí ilẹ̀ àwọn Tẹmnẹ ni a tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ọdún 1792 ni àwọn ènìyàn dúdú láti Nova Scotia wá síbẹ̀, ní ọdún 1800 sì ni àwọn Maroon láti Jàmáíkà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin ọdún 1807 ka òwò ẹrú léèwọ̀, Freetown ni àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lójú òkun lọ. Kí iṣẹ́ náà tó parí, àwọn tí a gbà sílẹ̀ síbẹ̀ ti lé ní 70,000. Ìjọba pín wọn sí àwọn abúlé tí ó yí ìlú náà ká, àwọn bíi Regent, Gloucester, Kissy, Hastings àti Waterloo. Bathurst ni a mú Àjàyí lọ.

Ẹ wo irú ibi tí ìlú bẹ́ẹ̀ jẹ́. Sigismund Koelle, ọmọ Jámánì tí ó ń kọ́ni ní Fourah Bay, lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi àwọn ènìyàn ní orúkọ tí wọ́n ń pe omi, iná, orí àti ẹsẹ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1854, èdè tí ó kó jọ nínú ìlú kan ṣoṣo yìí lé ní 100. Igbó, Hausa, Tápà, Pópó, Kóńgò, Mẹ́ndè àti ọ̀pọ̀ mìíràn ń gbé ní ògiri sí ògiri.

Àwọn baba wa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Freetown kò sí ilé tí a lè wò. Ìlú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jóná, òmíràn kò sì mọ ọ̀nà ibi tí ó ti wá. Ọmọ Òṣogùn kan lè wà ní abúlé kan láìrí ọmọ Òṣogùn kejì fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ẹnu odò ní òwúrọ̀, yóò gbọ́ ẹnì kan tí ó ń kí ẹnì kejì pé ó kú iṣẹ́, ó kú ewu, ó kú ìrìn. Ẹni tí ó ń kíni lè jẹ́ Ẹ̀gbá, ẹni tí ó ń dáhùn lè jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Ní ilé wọn, ó ṣeé ṣe kí ìlú àwọn méjèèjì máa bá ara wọn jagun. Ní ẹnu odò yìí, láàrin ẹni tí ń sọ Mẹ́ndè àti ẹni tí ń sọ Kóńgò, ìkíni náà tó láti sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Àwọn ẹlòmíràn gbọ́ bí wọ́n ti ń kí ara wọn, wọ́n sì fi ìkíni náà pè wọ́n: wọ́n sọ wọ́n di Akú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a sọ àwọn ènìyàn wa di Nàgó ní ilẹ̀ Brazil, tí a sì sọ wọ́n di Lùkùmí ní ilẹ̀ Cuba.

Orúkọ tí àlejò fúnni kò lè pẹ́ bí àwọn tí a fún kò bá rí ohun kan fi ṣe. Àwọn Akú rí i fi ṣe. Wọ́n ń dá ẹ̀súsú, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ àti ọjà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí ń tọ́jú aláìsàn, tí ó sì ń sin òkú. Wọ́n ní ọba tiwọn tí ń parí ìjà láàrin wọn: Thomas Will ni ọ̀kan, John Macaulay tí a ń pè ní Atapa sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ Akú yìí, wọn kò sọ orúkọ ìlú wọn nù. Ẹ̀gbá ní ẹgbẹ́ tiwọn, Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn, Ìjẹ̀bú ní tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ni gbogbo wọn níwájú àwọn ẹ̀yà yòókù. Ẹ̀sìn pàápàá kò fọ́ wọn tán. Àwọn Krìstẹ́nì wà nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí wà ní àdúgbò Fourah Bay àti Fula Town, àwọn tí ń bọ Ṣàngó tí wọ́n sì ń gbé egúngún jáde wà pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 1848, àwọn Akú ju ìdajì gbogbo àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ.

Kì í ṣe àwọn Akú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Koelle bi àwọn kan tí a ń pè ní Igbó léèrè nípa orúkọ náà, wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn kò gbọ́ ọ rí kí àwọn tó dé Sàró. Orúkọ ìlú wọn ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé ni ààlà láàrin ẹ̀yà kan àti èkejì ti wà bí ó ti wà lónìí, kí ó rántí Freetown. Ibi tí àwọn àjèjì ti pàdé ni a ti fa púpọ̀ nínú àwọn ààlà wọ̀nyí.

Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN NÁÀ

Àjàyí yára kọ́ ìwé kíkà, ó sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni a rì í bọmi, tí ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù díẹ̀ ní ọdún 1826. Nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní ọdún 1827, orúkọ rẹ̀ ni ó ṣáájú nínú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́ Asano, tí a ń pè ní Susan, ẹni tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀. Ó kọ́ èdè Tẹmnẹ, tí í ṣe èdè àwọn onílẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí fi hàn pé ẹnì kan lè ru ju orúkọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ Òṣogùn ni, Akú ni, Krìstẹ́nì ni, ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì ni.

Ní ọdún 1841, ó bá àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ sí odò Ọya lọ. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó wà nínú ìrìn àjò náà kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Crowther hàn gbangba, a sì pè é lọ sí London, níbi tí a ti fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1844, lẹ́yìn tí ó padà dé Freetown, ó ṣe ìsìn ní èdè wa. Ilé ìsìn náà kún. Àwọn Akú wá, àwọn Igbó àti àwọn ará Kàlàbá pàápàá sì wá wò bí ọmọ aláwọ̀ dúdú yóò ṣe fi èdè ìyá rẹ̀ wàásù. Crowther jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé lójú òun, ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó wọ wá lọ́kàn. Ó ti lo ọdún méjìlélógún ní ìlú àjèjì. Ní ọjọ́ náà ni èdè tí ó fi ń pe ìyá rẹ̀ di èdè tí ó lè fi dúró níwájú àwùjọ.

BÍ A ṢE DI YORÙBÁ

Orúkọ tí a fi ń pe èdè yìí nínú ìwé kò fi ìdí múlẹ̀ lójijì. Nígbà tí Àlùfáà John Raban tẹ ìwé kékeré jáde nípa rẹ̀ láàrin ọdún 1830 sí 1832, Èyọ̀ tàbí Akú ni ó pè é. Ìwé tí Crowther fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1843 ni ó pè ní ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì bíi Clapperton ti mú orúkọ náà wọ ìwé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbọ́ ọ ní ẹnu àwọn Hausa.

Koelle kò fara mọ́ ọn. Ó ní Yorùbá jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan péré nínú àwọn Akú, àti pé ẹni tí ó bá fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo wọn yóò mú kí àwọn yòókù bínú. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí a bá pe Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá ní Yorùbá, yóò kọ̀, yóò sì sọ pé àwọn Ọ̀yọ́ ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ Crowther ni ó borí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ a, b, d ní ilé ẹ̀kọ́, orúkọ yẹn ni ó wà lára rẹ̀. Ohun tí a bá kọ́ ọmọ nínú ìwé, òun náà yóò fi kọ́ ọmọ tirẹ̀.

ÌPADÀBỌ̀ SÍ ILÉ

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ní ọdún 1839, àwọn Akú kan da owó pọ̀, wọ́n ra ọkọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì wà á padà sí etí òkun wa. Ọ̀pọ̀ tẹ̀ lé wọn. Crowther dé Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní ọdún 1845 pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ C.M.S., ó sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846. Kò pé oṣù kan tí ó débẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi gbọ́ ìròyìn rẹ̀, tí ó sì wá a wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Wọ́n wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ìyá sì ń gbọ̀n. Ní ọdún 1848 ni a rì í bọmi, tí ó ń jẹ́ Hannah.

Abẹ́òkúta pàápàá jọ Freetown ní ọ̀nà kan. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830: ará Aké, ará Òkè-Ọnà, ará Gbágùrá, Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Olúkúlùkù mú orúkọ ìlú rẹ̀ wá, ó fi sọ àdúgbò rẹ̀, ó sì mú oyè rẹ̀ wá pẹ̀lú. Wọ́n mọ odi kan yí gbogbo wọn ká. Inú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ti Freetown dé wọ̀. Àwọn ará Abẹ́òkúta gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí ọmọ wọn ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò pè wọ́n ní Ẹ̀gbá lásán mọ́. Sàró ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí aṣọ wọn, orúkọ wọn àti ìwé ọwọ́ wọn. Ní Sàró, Akú ni wọ́n. Ní ilé, Sàró ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun yóò mọ ohun tí à ń sọ.

IṢẸ́ RẸ̀ LÓRÍ ÈDÈ

Crowther kì í ṣe Ẹ̀gbá, àárín Ẹ̀gbá ni ó sì ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ṣe èdè ní àǹfààní. Ó ń gbọ́ bí Ọ̀yọ́ ti ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ bí Ẹ̀gbá ti ń sọ ọ́, ó sì ń fetí sí àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òkú tàbí tí wọ́n bá ń làjà. Àlùfáà Thomas King, ọmọ Ẹ̀gbá tí òun náà ti Sàró wá, bá a ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ní ọdún 1852, ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní oṣù Kìíní ọdún 1875, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága ìpàdé kan ní Èkó, níbi tí a ti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà sílẹ̀. Èdè inú ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde fi ẹsẹ̀ lé ti Ọ̀yọ́, ó sì mú nínú ti Ẹ̀gbá àti ti Èkó. Kò sí ìlú kan tí ó ń sọ ọ́ gan-an bí a ti kọ ọ́, nítorí náà kò sí ìlú kan tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Orúkọ kan àti ìwé kan kò dá ogun dúró. Ogun Ìjàyè jà láti ọdún 1860 dé 1862. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, a kò sì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà títí di ọdún 1886. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń wá àlàáfíà náà, àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ó ń rìn láàrin ibùdó kan sí èkejì. Ilẹ̀ Sàró ni a ti bí Johnson, ọmọ àwọn tí ó ti ibẹ̀ padà wá sì ni Phillips.

ÀWỌN ÀÀLÀ TÍ KÒ LÈ RÉ KỌJÁ

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, ní ìlú Canterbury, a fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ṣùgbọ́n a kò fún un ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan tí Henry Townsend jẹ́ aṣáájú wọn kò fẹ́ wà lábẹ́ ènìyàn dúdú. Iṣẹ́ odò Ọya ni a fi lé e lọ́wọ́, láàrin àwọn tí kì í sọ èdè rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ó kó láti Sàró. Ọ̀kan nínú wọn ni Àlùfáà J. C. Taylor, tí àwọn òbí tí ó jẹ́ Igbó bí sí Sàró, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Onitsha ní ọdún 1857. Òun náà ní láti tún èdè ìyá rẹ̀ kọ́.

Nígbà tí Crowther di arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó ti kó Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ sábẹ́ orúkọ kan kò rí orúkọ tí ó lè mú kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí rí i gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀.

OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ní Freetown, orúkọ Akú kò kú. Àwọn Mùsùlùmí tí a ń pè ní Oku ṣì wà ní àdúgbò wọn. Àwọn Krio, tí wọ́n jẹ́ ọmọ gbogbo ẹ̀yà tí ó pàdé níbẹ̀, ṣì ń ṣe kọ́mọjáde fún ọmọ tuntun, wọ́n sì ń ṣe àwùjọ fún àwọn òkú wọn. Ẹni tí ó bá ń ṣe é lè jẹ́ ọmọ ọmọ Igbó tàbí ti Kóńgò, ọ̀rọ̀ wa sì ni ó fi ń pe ayẹyẹ rẹ̀.

Ní Èkó, Abigail ọmọ Crowther bí Herbert Macaulay ní ọdún 1864. Ọmọ ọmọ ẹrú Òṣogùn yìí ni ó bá Olóyè Olúwa lọ sí London ní ọdún 1920 lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, òun náà ni ó sì gbèjà Elékòó níwájú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn onílẹ̀ Èkó bá ti sọ fún un pé Sàró ni, kí ó lọ jókòó sí ilé Sàró, àwọn ni ìbá pàdánù.

Ẹ̀yin ará wa, ẹgbẹ́ tí ó tẹ ìwé yìí jáde jọ àwọn ẹgbẹ́ tí ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá sílẹ̀ ní Freetown: a ń dá owó, a ń sin òkú, a ń rán ara wa létí ilé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ìgbésí ayé Crowther fi ń bá wa wí. Èkíní ni pé ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ kò sọnù nítorí pé ahọ́n rẹ̀ wúwo. Crowther pẹ̀lú dà bí ọmọ ọwọ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ fi èdè ìyá rẹ̀ wàásù. Kí a kọ́ ọmọ náà, kí a má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Èkejì le jù ú lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ wa fi ọjà, ilé àti ibojì òbí wọn sílẹ̀ níbẹ̀, a sì pe èyí ní ìwà ìkà. Ní ìlú tiwa, àwọn kan wà tí a bí sí ààrin wa, tí wọ́n ń san owó àdúgbò, tí wọ́n sì gbọ́ òwe wa ju ọmọ wa mìíràn lọ, síbẹ̀ àlejò ni a ń pè wọ́n nígbà tí a bá fẹ́ pín ilẹ̀ tàbí tí a bá fẹ́ yan ènìyàn sí ìgbìmọ̀. Ohun tí a kò fẹ́ kí a ṣe sí wa ní ìdálẹ̀, kí a má ṣe é ní ilé. Orúkọ tí gbogbo wa ń yangàn lónìí, àwọn tí kò ní ilé mọ́ ni ó kọ́kọ́ kó ara wọn jọ sábẹ́ irú rẹ̀ ní ìlú onílùú, nítorí pé wọ́n kí ara wọn wọ́n sì dá ara wọn lóhùn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa gbòòrò, kí ó sì jẹ́ kí ilé gba gbogbo ọmọ rẹ̀. Àṣẹ.